Ọwọ́ Tí Kò Kan Etí

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí lẹ́tà kan ti wà lára ilẹ̀kùn fíríìjì wa. Mi ò yọ ọ́, mi ò sì tíì kó o sínú fáìlì tí àwọn páásípọ́ọ̀tù wa wà. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé láàárọ̀, tí mo fẹ́ bu omi tútù mu, òun ni ojú mi kọ́kọ́ ń bá pàdé. Orúkọ ọmọ mi ọkùnrin ló wà lórí rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni, kíláàsì keje ló sì wà. Lẹ́tà náà ní wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ sínú 21st Century Scholars, pé bó bá ṣe gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe títí tó fi jáde girama, ìpínlẹ̀ Indiana máa san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin ní yunifásítì ìjọba.

A ò kọ fọ́ọ̀mù kankan. Èmi ò kọ, bàbá rẹ̀ ò kọ. Ilé ìwé mọ̀ pé oúnjẹ ọ̀sán tí ìjọba ń dín owó rẹ̀ kù fún àwọn tówó wọn ò pọ̀ lọmọ náà ń jẹ, ìyẹn náà sì ti tó. Lẹ́tà kàn dé ni, bí ìgbà tí wọ́n bá kí èèyàn kú oríire ohun tí kò mọ̀ pé òun ti bí.

Inú mi dùn, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá wo lẹ́tà yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni mò ń rí.

Ìwé tí mo gbé ìkòkò lé

Oṣù kìíní ọdún 2019 la dé Indianapolis. Ọkọ mi ti ṣáájú wa ní ọdún mẹ́rin, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan lápá Plainfield, òun ló ṣètò ìwé tó gbé wa wá. Wọ́n fi àkọ́bí mi sí kíláàsì kẹjọ. Kí oṣù kẹta tó parí, èmi náà ti ríṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, iṣẹ́ alẹ́, aago mọ́kànlá sí méje.

Ẹni tó bá lọ́mọ nílé ìwé níbí mọ bí báàgì wọn ṣe máa ń rí. Ìwé ni ṣáá. Ìwé oúnjẹ, ìwé fọ́tò, ìwé pé wọ́n fẹ́ kó wọn lọ wo ẹranko, ìwé pé iná orí ti wọ kíláàsì kan. Nílé, bí ilé ìwé bá kọ̀wé sí òbí, ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn. Níbí, ojoojúmọ́ ni, mi ò sì tíì mọ èyí tó ṣe kókó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń polówó bisikíìtì. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Mo rí ìwé yẹn o. Mi ò ní parọ́ pé mi ò rí i. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sikọ́láṣíìpù sórí rẹ̀, wọ́n béèrè iye tó ń wọlé fún wa lọ́dún, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ kí òbí fọwọ́ sí i. Mo kà á dé ìdajì, ọkàn mi sì sọ fún mi pé jìbìtì ni. Ìjọba wo ló máa bá ọmọ ọdún mẹ́tàlá ṣàdéhùn owó yunifásítì láìṣe ìdánwò, láìní ẹni tó mọ̀ lókè? Níbi tí mo ti wá, bọ́sárì tó tọ́ síni gan-an, sálúbàtà á jẹ tán lẹ́sẹ̀ èèyàn láàárín ilé àti sẹkitéríàtì kó tó rí i gbà. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tó ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp nígbà yẹn: pé ẹnikẹ́ni tó bá ti gba nǹkan lọ́wọ́ ìjọba, wọn ò ní fún un ní ìwé ọmọ ìlú. Irọ́ ni ní ti ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bi? Mo sọ fáwọn ọmọ mi pé a ò ní gba nǹkan ìjọba. Mo sọ ọ́ bíi pé ìwà ọmọlúàbí ni.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ro àmàlà. Mi ò rí ohun tí mo lè gbé ìkòkò lé lórí tábìlì, ìwé yẹn ló wà nítòsí. Nígbà tí a jẹun tán, àmì róbótó pọ́n sáàárín rẹ̀ bí òǹtẹ̀. Mo ká a, mo sọ ọ́ nù.

“Ṣé ó forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì kẹjọ?”

Ohun tí wọ́n bi mí nìyẹn ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ní ọ́fíìsì kánsẹ́lọ̀, ẹni tó ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn ní ilé ìwé ọmọ mi. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ní ife kọfí kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ òdòdó. Àkọ́bí mi ti wọ kíláàsì kejìlá. Máàkì rẹ̀ dára, ó fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Purdue, yunifásítì ìjọba kan ní Indiana. Kánsẹ́lọ̀ ń yọ̀ mọ́ ọn, ó ń ka orúkọ àwọn owó ìrànwọ́ tó wà, ó wá béèrè ìbéèrè yẹn bí ẹni tó ń béèrè bóyá a ti jẹun.

Mi ò mọ ohun tó ń sọ. Ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wò ó, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó ní orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Mo ní ṣé a lè kọ ọ́ báyìí. Ó ní rárá, 30 oṣù kẹfà ọdún tọ́mọ bá parí kíláàsì kẹjọ ni ilẹ̀kùn ń tì. Mo ní ṣùgbọ́n máàkì ọmọ yìí dára ju ti ìgbà yẹn lọ. Ó mi orí. Mo ní iye tó ń wọlé fún wa kò tíì kúrò nínú iye tí wọ́n sọ. Lọ́dún tí à ń sọ yìí, ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin tí owó rẹ̀ lọ́dún kò bá ju nǹkan bí 46,000 dọ́là lọ ló wọ̀ ọ́, a ò sì dé ibẹ̀. Ó tún mi orí. Ó ní ojú ń ti òun, òfin ni. Mo rí i pé ojú ń tì í lóòótọ́.

Ọmọ mi ló wá sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ ní Yorùbá kí obìnrin náà má bàa gbọ́. Ó ní, “Mọ́mì, ìwé tí ẹ gbé ìkòkò lé ni.”

Ọdún mẹ́ta àti oṣù mélòó kan ló fi gbé ọ̀rọ̀ yẹn sínú. Nígbà tí a dé inú ọkọ̀, mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi nígbà náà. Ó ní, “Ẹ ní ká má gba nǹkan ìjọba.” Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ì bá dáa kó bínú. A jókòó síbẹ̀ láì sáná sí ọkọ̀, títí bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé fi jáde tán.

Iye tí ìkòkò kan náni

Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ fún yín, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé owó ilé ẹ̀kọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà. Purdue ti dá owó ọmọ ìpínlẹ̀ dúró sí 9,992 dọ́là lọ́dún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ fún àwọn tí kò lówó, Pell Grant, kò lè ju 7,395 dọ́là lọ ní ọdún ẹ̀kọ́ 2023 sí 2024. Ọmọ tó bá wà nínú Scholars, ìpínlẹ̀ ló máa gbé owó ilé ẹ̀kọ́. Pell rẹ̀ á wá ṣẹ́kù láti fi sanwó yàrá àti oúnjẹ, èyí tí ìpínlẹ̀ kì í san, tó sì ju 10,000 dọ́là lọ. Ọmọ tí kò bá sí nínú rẹ̀, Pell ò tilẹ̀ tó owó ilé ẹ̀kọ́, yàrá àti oúnjẹ ṣì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Gbèsè ló máa fi dí i.

Ọmọ mi ò fẹ́ jẹ gbèsè. Ivy Tech ló lọ, ilé ẹ̀kọ́ gíga ọlọ́dún méjì tí ìpínlẹ̀ ní, níbi tí Pell ti bo owó rẹ̀ tán, ó sì ń sùn sílé. Mi ò ní ohunkóhun láti sọ sí Ivy Tech. Èmi gan-an ń gbèrò àtilọ kọ́ nǹkan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kéèyàn yan ọ̀nà kan yàtọ̀ sí kó jẹ́ pé òun nìkan ló ṣẹ́kù.

Ohun tó dùn mí jù lọ nínú ìtàn yìí kò ní ẹlẹ́bi. Ní ọdún 2023 gan-an, ọdún tí ọmọ mi wọ aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde girama, ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Indiana fọwọ́ sí àbá òfin 1449, tí aṣòfin Earl Harris Jr. láti East Chicago gbé wá, Gómìnà Eric Holcomb sì buwọ́ lù ú. Òfin náà ní kí wọ́n máa fi orúkọ gbogbo ọmọ kíláàsì keje àti ìkẹjọ tówó òbí wọn kò tó iye yẹn sílẹ̀ fúnra wọn. Òbí tí kò bá fẹ́ ló máa wá sọ pé òun ò fẹ́. Wọ́n ti rí i pé, láti ọdún gbọọrọ, àwọn ọmọ tó ń forúkọ sílẹ̀ kò tó ìdajì àwọn tó tọ́ sí.

Mo ka ìyẹn lórí fóònù níbi iṣẹ́, ní aago mẹ́ta òru, mo sì jókòó. Kò tó ìdajì. Gbogbo ọdún yẹn ni mo fi rò pé èmi nìkan ni mo gbé ìkòkò lé ìwé.

Etí bàbá mi

Mo sọ fún bàbá mi lórí fóònù. Ìkìrun ni wọ́n wà. Mo rò pé wọ́n á bá mi kẹ́dùn, ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ rín. Wọ́n ní, “Ọwọ́ ọmọ ẹ ò kan etí nìyẹn.”

Ẹni tí òbí rẹ̀ wà láyé nígbà náà á ti gbọ́ ìtàn yìí. Ní 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn, nígbà Awólọ́wọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n fẹ́, ṣùgbọ́n ta ló ní ìwé ọjọ́ ìbí? Olùkọ́ á ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí àtàrí, kó fi kan etí òsì. Bó bá kàn án, ó tó ilé ìwé lọ. Bí kò bá kàn án, kó máa lọ ilé. Bàbá mi ní ìyá àwọn fi àdí pa àwọn lára, wọ́n wọ ṣòkòtò tuntun fún àwọn. Àwọn na ọwọ́ títí, àwọn dọ́gbọ́n tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, olùkọ́ sì fi orí ọ̀pá tọ́ orí náà padà sáàárín. Ìka ò dé etí. Wọ́n sunkún délé. Ní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n padà lọ, ó kàn án.

Lọ́dún kan ṣoṣo yẹn, iye ọmọ tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn náà ti fò láti nǹkan bí 457,000 sí ohun tó lé ní 811,000. Olùkọ́ ò tó, yàrá ò tó, ẹnu sì kùn sí owó orí. Ṣùgbọ́n wọn ò ní kí ìyá àgbà, tí kò mọ Á yàtọ̀ sí B, wá kọ fọ́ọ̀mù kí ọmọ rẹ̀ tó lè wọlé.

Ohun tí bàbá mi fi ṣẹ̀fẹ̀ ni mo wá ń rò kiri. Asẹ́ ni ọwọ́ àti etí yẹn jẹ́, ṣùgbọ́n asẹ́ tí ọmọ lè dàgbà kọjá ni. Ọmọ tí kò kan etí lónìí, bó bá ń jẹ ẹ̀wà déédéé, á kàn án lámọ̀ọ́dún. Ti Indiana kò rí bẹ́ẹ̀: bí ọmọ bá ṣe ń dàgbà sí i ni ọwọ́ rẹ̀ ń jìnnà sí etí. Ọwọ́ ta tilẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n? Ọmọ mi na ọwọ́ tirẹ̀, ó mú ìwé náà wálé, ó gbé e síwájú mi. Ọwọ́ tèmi ni kò dé.

Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sọ fún mi pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, pé ó yẹ kí n ti béèrè. Mo gbà. Ṣùgbọ́n òwe yẹn sọ pé tara rẹ̀, kò sọ pé ti ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà náà sì ní abèèrè kì í ṣìnà, èyí tó jẹ́ òótọ́ fún ẹni tó mọ̀ pé ọ̀nà kan wà níbẹ̀ láti béèrè. Ètò tí wọ́n torí aláìní ṣe, tí wọ́n wá gbé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sí ibi tí ẹni tó láyè láti jókòó ka ìwé nìkan ti lè rí i, ta ni wọ́n ń retí gan-an?

Kì í ṣe pé wọn ò ní àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1981, olówó kan tó ń jẹ́ Eugene Lang lọ bá àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà sọ̀rọ̀ ní P.S. 121, ilé ìwé tí òun náà lọ ní East Harlem ní New York. Bó ṣe dúró níwájú wọn, ó ní òun máa ran gbogbo wọn lọ́wọ́ láti lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì bí wọ́n bá parí girama. Ọmọ mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ìyá rẹ̀ ti fọwọ́ síwèé. Ẹni tó bá ti jókòó síbẹ̀ ti wọlé. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ní 1990, nígbà tí Evan Bayh jẹ́ gómìnà, ni Indiana dá tiwọn sílẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi owó ìjọba ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ kékeré. Nígbà tó di ti ìjọba ni fọ́ọ̀mù wọ̀ ọ́.

Asẹ́ ò tíì kúrò nílẹ̀

Àwọn tó fẹ́ràn ètò yìí máa ń sọ pé nínú àwọn tó jáde girama ní 2020, 81 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Scholars ló lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tààrà, nígbà tó jẹ́ 53 péré ní gbogbo ìpínlẹ̀. Iye ńlá ni. Ó wú mi lórí, mo sì fura sí i díẹ̀. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn jókòó kọ fọ́ọ̀mù lọ́dún mẹ́rin ṣáájú, ṣé kì í ṣe àwọn ọmọ tí ẹnìkan ti ń tì lẹ́yìn tẹ́lẹ̀ náà ni? Nígbà tí wọ́n bá ka àwọn tí lẹ́tà kàn dé bá nílé, bíi tiwa, la tó máa mọ iṣẹ́ tí owó ṣe àti iṣẹ́ tí ìyá ṣe.

Iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Lẹ́tà ara fíríìjì yìí kì í ṣe owó. Ọmọ mi gbọ́dọ̀ jáde pẹ̀lú ìpíndọ́gba máàkì (GPA) 2.5, kó sì ṣe nǹkan méjìlá tí wọ́n kọ sílẹ̀, mẹ́ta-mẹ́ta lọ́dún láti kíláàsì kẹsàn-án: kó lọ wo kọ́lẹ́ẹ̀jì, kó bá wọn ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ládùúgbò, kó kọ ètò bó ṣe máa sanwó, kí ó sì fi í ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kó kọ FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ ìjọba, kó tó di 15 oṣù kẹrin ọdún tó máa jáde. Kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan oògùn olóró, kò gbọ́dọ̀ mutí kó tó dàgbà, kò gbọ́dọ̀ lufin. Ohun tí mo ń kọ́ ọ nílé nìyẹn, n kò ní ìjà pẹ̀lú rẹ̀. Mo kàn ṣàkíyèsí pé wọn kì í ní kí ọmọ olówó búra kí bàbá rẹ̀ tó sanwó fún un. Bó bá wá dé yunifásítì tán, ó gbọ́dọ̀ máa parí ọgbọ̀n kírẹ́díìtì, ìyẹn ìwọ̀n iṣẹ́ kíláàsì, lọ́dún kó má bàa pàdánù rẹ̀, ọmọ tó sì ń ṣiṣẹ́ alẹ́ bíi ti ìyá rẹ̀ mọ ohun tí ọgbọ̀n kírẹ́díìtì jẹ́.

Ẹ̀rù ń bà mí pé asẹ́ tí wọ́n yọ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kàn gbé e wọ inú ilé ni.

Àwọn kan tún wà tí lẹ́tà ò ní dé bá láéláé. Obìnrin kan níbi iṣẹ́ wa kó ọmọ rẹ̀ dé láti Ìbàdàn ní oṣù kẹjọ, ọmọ náà sì wọ kíláàsì kẹsàn-án. Ó fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ pẹ́. Ká ní Oklahoma ló sọ̀kalẹ̀ sí ni, níbi tí irú ètò yìí ti wà láti 1992, ì bá ṣì rí àyè wọlé, torí títí dé kíláàsì kọkànlá ni wọ́n ń gbà wọ́n. Mo sọ fún un. Ó ní ṣé kí àwọn kó lọ Oklahoma ni. A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń ṣírò rẹ̀.

Kàlẹ́ńdà

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wọlé láàárọ̀, mo bá àkọ́bí mi tó dúró síwájú fíríìjì. Kò tíì sọ nǹkan kan nípa lẹ́tà náà láti ìgbà tó ti dé, èmi náà ò sì lè ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ó ti fà á yọ, ó ń ka ẹ̀yìn rẹ̀, ibi tí lẹ́tà kéékèèké wà, ibi tí èmi kì í kà. Ó pe àbúrò rẹ̀ láti yàrá. Ó bi í pé kí ni páásíwọọ̀dù tó fi ṣí àkáǹtì náà. Ìyẹn ní àkáǹtì wo. Ó pòṣé, ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì jókòó ti tábìlì.

Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ó lọ yọ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì wa lára ògiri, ó fẹ́ kọ ọjọ́ FAFSA àbúrò rẹ̀ sí i. 15 oṣù kẹrin 2030. Ó ṣí i láti oṣù dé oṣù títí ó fi kan oṣù kejìlá ọdún yìí, kàlẹ́ńdà sì tán. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó kọ ọ́ sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò àwọn alàgbà, ó fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá bi mí bóyá mo ti jẹun, kí òun gbé ìkòkò kaná.